Ẹ̀jẹ̀ ríru nínú oyún: èwo lẹ máa mú, èwo lẹ máa fi sílẹ̀?

Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dunni, ibẹ̀ sì ni wàhálà rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Aláboyún tí BP rẹ̀, ìyẹn agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti iṣan, wà ní 170/110 lè jí láàárọ̀, kó gbálẹ̀, kó wọ Máíkírà lọ sí ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn, kó ra ata bọ̀ wálé, kó má sì mọ nǹkan kan lára. Ẹlòmíràn tí tiẹ̀ kò ju 110/70 lọ lè máa pariwo orí fífọ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ bá fẹ́ yàn láàárín oògùn kan àti èkejì, tàbí láàárín ilé ìwòsàn kan àti òmíràn, ẹ má fi bí ara ṣe rí ṣe òṣùwọ̀n. Ohun mẹ́ta ni kí ẹ máa wò: nọ́ńbà tí ẹ̀rọ gbé jáde, iye ọ̀sẹ̀ tí oyún jẹ́, àti ohun tí ìtọ̀ wí. Orí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni gbogbo ìfiwéra tó wà nísàlẹ̀ dúró lé.

Mẹ́ta tó jọra, tí kì í ṣe ọ̀kan náà

Nọ́ńbà ààlà ni 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀. Ọ̀kan nínú méjèèjì ti tó, kò dìgbà tí méjèèjì bá ga. Wọ́n á tún un wọ̀n lẹ́yìn wákàtí mẹ́rin kí wọ́n tó sọ pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Ṣùgbọ́n bó bá ti dé 160 lókè tàbí 110 nísàlẹ̀, kò sí pé ẹ lọ ilé kẹ́ ẹ padà wá: láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n ń tún ìyẹn wọ̀n, kò sì yẹ kí wákàtí kan kọjá kí oògùn tó wọnú.

Bí nọ́ńbà bá ti ga kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 20, a jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru náà ti wà lára tẹ́lẹ̀. Bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ga lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20, tí ìtọ̀ mọ́, tí àyẹ̀wò ẹ̀dọ̀ àti kíndìnrín sì dára, oyún ló gbé e dé; irú èyí sábà máa ń lọ láàárín ọ̀sẹ̀ 12 lẹ́yìn ìbímọ. Ẹ̀kẹta ni preeclampsia: BP ga lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20, purotéènì sì ń bá ìtọ̀ jáde, tàbí kí ẹ̀dọ̀, kíndìnrín, ọpọlọ tàbí ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀ ti máa fara gbá a. Ti àkọ́kọ́ àti ti èkejì lè di ẹ̀kẹta nígbàkigbà. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń gba ìtọ̀ yín ní gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá lọ, kì í ṣe pé wọ́n kàn fẹ́ yọ yín lẹ́nu.

Ọ̀pọ̀ ló ń forúkọ oyún sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún tàbí ìkẹfà, tí wọ́n ní àwọn ò fẹ́ kí ayé tètè mọ̀. Wàhálà tí ìyẹn ń dá sílẹ̀ ni pé BP máa ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀ láàárín oyún. Ẹni tó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru látilẹ̀wá lè dé ní oṣù karùn-ún kí ẹ̀rọ gbé 125/80, kí gbogbo ènìyàn fọkàn balẹ̀. Nígbà tó bá gòkè ní oṣù kẹjọ, kò sẹ́ni tó máa lè sọ bóyá èyí àtijọ́ ni tàbí tuntun. Kí oyún tó pé ọ̀sẹ̀ 12 ni kí ẹ ti lọ wọn BP àkọ́kọ́.

Ibi ọmọ ni preeclampsia ti ń wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oyún, àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ lọ síbẹ̀ kò là dáadáa. Bí oyún ṣe ń dàgbà, ibi ọmọ ń tú nǹkan sínú ẹ̀jẹ̀ ìyá tó ń ba ara àwọn iṣan jẹ́ káàkiri. Oògùn BP kì í wo àrùn yìí. Ohun tó ń ṣe kò ju pé ó dáàbò bo ọpọlọ ìyá kí iṣan má bàa bẹ́. Kí ọmọ àti ibi ọmọ jáde ni ìwòsàn rẹ̀. Tí kò bá le, ọ̀sẹ̀ 37 ni wọ́n ń bí ọmọ náà. Tó bá le, wọn kì í jẹ́ kó kọjá ọ̀sẹ̀ 34, nígbà mìíràn wọn ò tilẹ̀ ní dúró dé ibẹ̀. Bí gìrì bá wọ̀ ọ́, eclampsia ló ń jẹ́. Kì í ṣe wárápá, kì í sì í ṣe ọwọ́ ayé.

Ọ̀rọ̀ kan tó ti di àtijọ́ tó ṣì wà lẹ́nu àwọn ènìyàn: "140 kì í ṣe nǹkan fún aláboyún, ẹ fi sílẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ lóòótọ́, ó di 160 kí wọ́n tó fún ni lóògùn. Ní 2022, ìwádìí ńlá kan jáde ní Amẹ́ríkà lára àwọn obìnrin tó lé ní 2,400 tí wọ́n ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru kí oyún tó dé. Láàárín àwọn tí wọ́n fún lóògùn láti 140/90, àwọn tó ní preeclampsia tó le kò pọ̀ tó ti àwọn yòókù, àwọn ọmọ tó jáde láìtọ́jọ́ náà kò sì pọ̀ tó tiwọn, oògùn náà kò sì sọ ọmọ di kékeré.

Níbo lẹ ti máa wọn ọ́n: ilé, kẹ́míìsì, ilé ìwòsàn?

Kẹ́míìsì sún mọ́ ilé, kò sì gba àkókò. Ohun tó ń bà á jẹ́ ni bí wọ́n ṣe ń ṣe é: ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi oòrùn rìn dé, ẹ dúró lórí ìdúró, wọ́n wé ọ̀já ẹ̀rọ lé apá bùbá, ẹni tó ń wọn ọ́n sì ń bi yín léèrè ọmọ tẹ́ ẹ ti bí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú nǹkan wọ̀nyí lè yí nọ́ńbà padà. Ilé ìwòsàn máa ń ṣe é dáadáa jù, àmọ́ ìbẹ̀rù aṣọ funfun ń gbé BP àwọn kan sókè níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì tàbí mẹ́rin náà sì ni. Ẹ̀rọ inú ilé ló lè sọ bí nǹkan ṣe ń lọ lójoojúmọ́. Ẹni tí dókítà bá ti sọ pé BP rẹ̀ ga, ẹ jẹ́ kó ní tiẹ̀ nílé. Bí owó kò bá ká a, kí ará ilé méjì tàbí mẹ́ta dáwó ra ọ̀kan.

Nínú ẹ̀rọ inú ilé, ti apá òkè ni kí ẹ rà. Ti ọrùn ọwọ́ rọrùn láti gbé, ṣùgbọ́n bí ọwọ́ bá lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ díẹ̀ báyìí, nọ́ńbà ti yí. Ẹ wo ìwọ̀n ọ̀já rẹ̀: èyí tó wọ́pọ̀ wà fún apá tí àyíká rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 22 sí 32. Ẹni tí apá rẹ̀ bá tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀já ńlá ni kó béèrè. Ọ̀já kékeré lórí apá ńlá á máa gbé nọ́ńbà gòkè, wọ́n á sì máa fún ẹni tí kò ṣàìsàn lóògùn. Ohun kan tún wà: àwọn ẹ̀rọ kan tó dára fún bàbá yín máa ń gbé nọ́ńbà tó kéré ju òótọ́ lọ fún ẹni tó ní preeclampsia. Ẹ wò ó nínú ìwé rẹ̀ bóyá wọ́n dán an wò fún aláboyún. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e dání lọ́jọ́ kíláàsì aláboyún, kí nọ́ọ̀sì wọn BP yín pẹ̀lú tiwọn, kẹ́ ẹ wọn ọ́n pẹ̀lú tiyín. Bí ìyàtọ̀ bá ju 10 lọ, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé e.

Bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Ẹ tọ̀ kẹ́ ẹ tó jókòó. Ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ̀yìn fara ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, ẹ má fi ọ̀kan kọ́ ọ̀kan. Ẹ gbé apá lé tábìlì kí ọ̀já wà ní ìdọ́gba pẹ̀lú àyà, lórí awọ ara gan-an. Ẹ má sọ̀rọ̀. Obì àti kọfí kò gbọdọ̀ tíì kan ẹnu láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ṣáájú. Ẹ wọn ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín, láàárọ̀ kẹ́ ẹ tó lo oògùn àti lálẹ́, kẹ́ ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, àní èyí tí kò tẹ́ yín lọ́rùn. Bẹ́ ẹ bá fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ tí apá tẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n wà lókè, nọ́ńbà tó máa jáde á kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Nílé, 135/85 ni kẹ́ ẹ kà sí 140/90 ti ilé ìwòsàn.

Ní ti ìtọ̀, ẹ fi omi ṣan ara, ẹ jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ lọ, ti àárín ni kẹ́ ẹ gbè. Bébà ìtọ̀ tó bá gbé 1+ lè jẹ́ nítorí omi ojú ara tàbí kòkòrò nínú ìtọ̀. 2+ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fojú fò.

Oògùn mẹ́ta, àti àwọn tó gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀

Mẹ́ta ni oògùn BP oníhóró tí wọ́n sábà ń fún aláboyún. Dókítà ló ń yàn, òun ló sì ń wọn ìwọ̀n, àmọ́ ó yẹ kẹ́ ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ fún un kó tó yàn.

| | Methyldopa | Labetalol | Nifedipine tó ń yọ́ díẹ̀díẹ̀ |
|---|---|---|---|
| Ìwọ̀n tí wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ | 250 mg, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́ | 100 sí 200 mg, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ | 20 mg ẹ̀ẹ̀mejì, tàbí 30 mg ẹ̀ẹ̀kan |
| Bó ṣe ń yá sí | Ó lọ́ra, ó lè gba ọjọ́ kan sí méjì | Ó yá | Ó yá |
| Ohun tó lè ṣe lára | Oorun, ẹnu gbígbẹ, ọkàn tó rẹ̀wẹ̀sì | Àárẹ̀, awọ orí tó ń jẹni | Orí fífọ́, ara gbígbóná, ẹsẹ̀ wíwú |
| Ẹni tí kò yẹ | Ẹni tó ní àrùn ẹ̀dọ̀ tàbí tí ìbànújẹ́ ọkàn ti ṣe rí | Ẹni tó ní ásímà, tàbí tí ọkàn rẹ̀ ń lù jẹ́jẹ́ jù | Ẹni tó ní àìsàn ọkàn kan pàtó. Ẹ sọ fún dókítà |

Ní Nagpur, ní ilẹ̀ Íńdíà, wọ́n fi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wéra lára àwọn aláboyún tí BP wọn ti ga dé ibi tó léwu, èsì rẹ̀ sì jáde ní 2019. Láàárín wákàtí mẹ́fà, nínú obìnrin 100 tó lo nifedipine, BP 84 ti wálẹ̀ síbi tó yẹ láìsí wàhálà. Ti labetalol jẹ́ 77, ti methyldopa 76. Nifedipine ló ṣíwájú, ìyẹn hàn. Ṣùgbọ́n ẹ tún wo ti ẹ̀yìn pátápátá: mẹ́rindínlọ́gọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún kì í ṣe kékeré. Hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà tó jẹ́ pé methyldopa nìkan ló wà níbẹ̀ kò ṣófo lọ́wọ́.

Tó bá jẹ́ ẹni tó ń gbàgbé oògùn, tàbí ẹni tó ń ta ọjà láàárọ̀ dalẹ́ tí oorun kò gbọdọ̀ kùn, nifedipine ẹ̀ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ sàn fún un ju methyldopa ẹ̀ẹ̀mẹta lọ. Oògùn tó dára jù tí wọn ò lò kò wo nǹkan kan. Àléébù nifedipine ni pé orí fífọ́ àti ẹsẹ̀ wíwú tó ń fà jọ àmì àrùn náà fúnra rẹ̀, nítorí náà ẹ̀rọ BP ló máa là yín. Ẹ má jẹ hóró rẹ̀ lẹ́nu, ẹ má lọ̀ ọ́, ẹ má kán an sí méjì: oògùn wákàtí 12 tàbí 24 ló máa tú jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Àṣà kan tún wà tí wọ́n fi ń gún ti inú kápúsù ní ihò sábẹ́ ahọ́n. BP lè já wálẹ̀ lójijì débi tí ẹ̀jẹ̀ kò ní tó ọmọ. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ṣe é fún yín, ẹ kọ̀.

Ohun kan wà nípa methyldopa tí wọn kì í sábà sọ fún aláboyún. Oògùn ẹ̀jẹ̀, ìyẹn fersolate tẹ́ ẹ ń lò lójoojúmọ́, máa ń di methyldopa lọ́wọ́ kó má wọ ara. Ẹni tó bá da gbogbo oògùn sí àtẹ́lẹwọ́, tó gbé e mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láàárọ̀, BP rẹ̀ lè má wálẹ̀, dókítà á wá máa fi kún ìwọ̀n lórí ohun tí kò jẹbi. Ẹ fi wákàtí méjì ó kéré tán sí àárín wọn.

Àwọn tó gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀ ni gbogbo oògùn BP tí orúkọ rẹ̀ parí sí "-pril" (lisinopril, ramipril, enalapril) tàbí "-sartan" (losartan, valsartan, telmisartan). Wọ́n ń ba kíndìnrín ọmọ jẹ́ nínú, omi tó yí ọmọ ká á sì gbẹ. Ẹ tú páálí wò dáadáa, nítorí wọ́n máa ń pa wọ́n pọ̀ mọ́ oògùn mìíràn nínú hóró kan. Atenolol lè jẹ́ kí ọmọ kéré. Oògùn tí ń múni tọ̀ kì í ṣe oògùn ẹsẹ̀ wíwú aláboyún. Bẹ́ ẹ bá ń lo ọ̀kan nínú wọn tẹ́ ẹ sì rí i pé oyún ti dúró, ọjọ́ yẹn gan-an ni kẹ́ ẹ lọ bá dókítà kó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má kàn dá a dúró kẹ́ ẹ máa wòran. Diclofenac àti ibuprofen náà kò yẹ aláboyún, pàápàá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 20: wọ́n ń gbé BP sókè, wọ́n sì ń yọ kíndìnrín ọmọ lẹ́nu. Paracetamol ni kẹ́ ẹ lò.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ àgbo náà. Ewéko lè ní agbára, kò sẹ́ni tó ń jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n ìyá tó ń tà á kò lè sọ iye mílígíráàmù tó wà nínú ife kan, ti òní kì í sì í ṣe ti àná. BP tó nílò kó wálẹ̀ láti 150 sí 130 kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ife àgbo méfò.

Aspirin tàbí calcium?

Wọn kì í figa gbága. Aspirin kékeré wà fún àwọn tí ewu wọn ga: ẹni tó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru nínú oyún rí, ẹni tó ní in látilẹ̀wá, ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, àrùn kíndìnrín tàbí lupus (àrùn tí àwọn ọmọ ogun ara fi ń bá ara fúnra rẹ̀ jà). Fún ẹni tí kò ní ìkankan nínú ìwọ̀nyí, méjì nínú àwọn kékeré náà tó láti béèrè: oyún àkọ́bí, ọjọ́ orí 40 sókè, ìbejì, ara tó tóbi púpọ̀, ìyá tàbí àbúrò tó ní in rí, tàbí ọdún mẹ́wàá láti ìgbà tí wọ́n ti bímọ kẹ́yìn. Ẹ̀yin Yorùbá, ẹ̀yin ìyá ìbejì, ẹ ṣàkíyèsí èyí! Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 75 sí 150 mg lálaalẹ́, láti ọ̀sẹ̀ 12; bí ó bá kọjá ọ̀sẹ̀ 16 kó tó bẹ̀rẹ̀, agbára rẹ̀ ń dín kù, nítorí ìgbà tí ibi ọmọ ń ta gbòǹgbò ni iṣẹ́ rẹ̀ wà. Aspirin 300 mg tí wọ́n ń lò fún orí fífọ́ kọ́ nìyí. Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, kó kọ́kọ́ sọ fún dókítà.

Calcium wà fún gbogbo aláboyún tí oúnjẹ rẹ̀ kò ní in tó, èyí tó sì kan ọ̀pọ̀ wa tí a kì í mu wàrà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí wọ́n máa lo gíráàmù 1.5 sí 2 lójúmọ́. Hóró tó tóbi, ó pọ̀, ó sì máa ń sú àwọn ènìyàn. Ní 2024, èsì ìwádìí méjì láti Íńdíà àti Tanzania fi hàn pé 500 mg lójúmọ́ kò kẹ́yìn 1,500 mg nínú dídènà preeclampsia. Bí hóró púpọ̀ bá ń sú yín, ẹ bá dókítà sọ ọ́. Ẹ ka ara páálí: calcium carbonate 1,250 mg, 500 mg péré ni calcium inú rẹ̀. Ẹ sì yẹra fún èyí tó ń hó nínú omi, nítorí iyọ̀ sódíọ̀mù ló ń jẹ́ kó hó, òun gan-an lẹ ń sá fún. Calcium àti oògùn ẹ̀jẹ̀ kì í wọlé pọ̀: ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́.

Iyọ̀ ńkọ́? Kí ẹ máa jẹ ọbẹ̀ tó tẹ́ kò ní dí ọ̀nà mọ́ preeclampsia. Ẹni tó ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru látilẹ̀wá ni kó máa ṣọ́ ọ, kí gbogbo iyọ̀ ọjọ́ kan má ju ṣíbí tíì kékeré kan lọ. Nínú kíkà yẹn, màgí wà níbẹ̀, káún inú ewédú àti ti inú ẹ̀wà náà wà níbẹ̀, nítorí sódíọ̀mù ni káún. Àmàlà àti gbẹ̀gìrì kò ṣẹ ẹnikẹ́ni. Ohun tí wọ́n fi sè é ni kẹ́ ẹ bi í. Pé kí aláboyún máa sùn sórí bẹ́ẹ̀dì látàárọ̀ dalẹ́ kì í mú BP wálẹ̀, ó kàn lè jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì sí ẹsẹ̀ ni.

Èyí tó yẹ kẹ́ ẹ sá lọ fún, èyí tó lè dúró

Ẹsẹ̀ tó wú lálẹ́, tó sì ti fà láàárọ̀, ti oyún lásán ni. Ojú àti ọwọ́ tó wú lójijì, tí òrùka kò lè jáde mọ́, tí ara wúwo sí i láàárín ọ̀sẹ̀ kan: ẹ lọ wọn BP lọ́jọ́ náà.

Orí fífọ́ tí paracetamol kan àti omi mú lọ, kò burú. Èyí tí kò lọ, tí ojú ń ṣú, tàbí tí nǹkan ń tàn yẹ̀rìyẹ̀rì níwájú ẹni, ọpọlọ ló ń ké. Ibà ló sábà ń gba ẹ̀bi rẹ̀ ní Ìbàdàn. Wọ́n á ra oògùn ibà, wọ́n á sùn, gìrì á gbé e lóru. Bẹ́ ẹ bá rò pé ibà ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ṣe àyẹ̀wò ibà, kí wọ́n sì wọn BP níbẹ̀ náà.

Àyà tó ń ta lẹ́yìn oúnjẹ, tó ń gòkè wá sí ọ̀fun, ti oyún ni. Ìrora tó jókòó sábẹ́ ìhà ọ̀tún tàbí sókè ikùn, tó tún ń mú èébì dání lẹ́yìn oṣù karùn-ún, ẹ̀dọ̀ ló lè jẹ́. Ẹ má fún un ní oògùn ọgbẹ́ inú kẹ́ ẹ máa sùn lọ. Bí ọmọ kò bá sì yí bó ṣe ń yí tẹ́lẹ̀ mọ́, ẹ má dúró dọ̀la.

Àìtó ẹ̀jẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá láìsọ, nítorí ẹni tó ní preeclampsia tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì kéré kò ní okun láti fara da ẹ̀jẹ̀ tó máa dà nígbà ìbímọ. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní 30 sí 60 mg áyọ́ọ̀nù, pẹ̀lú folic acid 0.4 mg, lójoojúmọ́. Ọsàn tàbí omi ọsàn ni kẹ́ ẹ fi gbé e mì, kì í ṣe tíì. Folic acid onímílígíráàmù 5 tó kún orí igbá kẹ́míìsì ń ba agbára oògùn ìdènà ibà oníhóró mẹ́ta jẹ́, èyí tí wọ́n ń fún yín níṣojú nọ́ọ̀sì láti oṣù kẹrin lọ, tó yẹ kó tó ẹ̀ẹ̀mẹta ó kéré tán. Bó bá jẹ́ 5 mg lẹ ń lò, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì kẹ́ ẹ tó gbé oògùn ibà náà mì.

Níbo lẹ ti máa bí i?

Hẹ́ẹ̀tì sẹ́ńtà àdúgbò dára fún yíyẹ oyún wò, kò sì jìnnà. Ẹni tí BP rẹ̀ kò kan 140 rí, tí kò sí ewu kankan lára rẹ̀, lè bí síbẹ̀. Kẹ́ ẹ tó yàn án, ẹ béèrè bóyá ẹ̀rọ BP wọn ń ṣiṣẹ́, bóyá wọ́n ní bébà ìtọ̀, àti bóyá abẹ́rẹ́ magnesium sulphate wà nílẹ̀. Abẹ́rẹ́ yẹn ni oògùn gìrì aláboyún; ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2002, tó kan obìnrin bí 10,000 ní orílẹ̀-èdè 33, fi hàn pé ó ń dín gìrì kù sí ìdajì. Níbi tí wọn ò ti lè ṣe gbogbo rẹ̀ tán, wọ́n lè gún gíráàmù márùn-ún sí ìdí kan, márùn-ún sí ìkejì, kí wọ́n tó gbé yín lọ. Ibi tó bá fún yín ní ìdáhùn "a máa rán ẹnì kan lọ rà á," ẹ ti gbọ́ ìdáhùn.

Ilé agbẹ̀bí ìjọ ní ìyá tó máa dúró tì yín, tó máa bá yín gbàdúrà, tí kò ní pariwo mọ́ yín. Ẹni tí BP rẹ̀ ti kan 140 kò gbọdọ̀ bí síbẹ̀. Ẹ lọ gba àdúrà, kẹ́ ẹ gba òróró, kẹ́ ẹ wá lọ bí sí ilé ìwòsàn.

Adéọ̀yọ́ ní Yemẹtù ni ilé ìwòsàn ìjọba ìpínlẹ̀ tó sún mọ́ àárín ìlú. Fún ẹ̀jẹ̀ ríru tí oògùn ń ká, tí oyún sì ti kọjá ọ̀sẹ̀ 34, ibi tó yẹ ni. Èrò máa ń wà, ẹ tètè jí. UCH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì tó wà ní àdúgbò Orítamẹ́fà láti 1957, ni kẹ́ ẹ dorí kọ bí preeclampsia bá dé kí ọ̀sẹ̀ 34 tó pé, bí kíndìnrín tàbí ẹ̀dọ̀ bá ti fara gbá a, tàbí bí gìrì bá ti gbé e, nítorí ibẹ̀ ni ìtọ́jú ọmọ tí kò tọ́jọ́ àti yàrá ìtọ́jú àkànṣe wà pọ̀ sójú kan. Ilé ìwòsàn aládàáni yàtọ̀ síra wọn bí ojú ṣe yàtọ̀ sí imú: ẹ bi wọ́n ta ni dókítà tó ń sun ibẹ̀ lóru, níbo ni wọ́n ti ń gba ẹ̀jẹ̀, àti ibo ni wọ́n ń gbé ọmọ oṣù méje lọ.

Ẹ ní ibì kejì lọ́kàn, nítorí ìyanṣẹ́lódì kì í bèèrè oṣù tẹ́ ẹ máa bímọ. Ẹni tó ń gbé Mọ́níyà, Olódó tàbí Apẹ̀tẹ́ gbọ́dọ̀ ti bá ẹnì kan tó ní mọ́tò sọ̀rọ̀ láti oṣù keje, nítorí agogo méjì òru kì í ṣe àkókò tí kẹ̀kẹ́ ń kọjá. Ẹ béèrè nípa ìwé ìlera OYSHIA, àjọ adójútòfò ìlera ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, tipẹ́tipẹ́, ẹ má dúró dìgbà tí ìrọbí bá mú.

Bí gìrì bá gbé e nílé: ẹ fi í dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì, ẹ kó ohun tó le kúrò nítòsí rẹ̀, ẹ nu itọ́ ẹnu rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e lọ. Kò sí ṣíbí láàárín eyín, kò sí epo, kò sí àgbo ìtọ̀ màlúù, kò sí fífi ẹsẹ̀ sún mọ́ iná. Ohunkóhun tẹ́ ẹ bá dà sí i lẹ́nu, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ.

Lẹ́yìn tí ọmọ bá ti dé

Ẹ sọ fún agbẹ̀bí pé ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru kó tó gún abẹ́rẹ́ tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró: oxytocin ni kó lò, kì í ṣe ergometrine, tó ń ti BP sókè gan-an.

BP kì í lọ lọ́jọ́ ìbímọ. Ọjọ́ kẹta sí ìkẹfà ló máa ń ga jù, ìyẹn sì bọ́ sí àkókò tí ilé ń kún fún àlejò, tí ìyá ìkókó ń lo omi gbígbóná, tí gbogbo ènìyàn ń múra ìsọmọlórúkọ. Gìrì ṣì lè wá nígbà yẹn. Ẹ wọn BP lójoojúmọ́ títí di ọjọ́ kẹjọ, kí ẹnì kan nínú ilé, ìyá ọkọ tàbí àbúrò, gba iṣẹ́ yẹn ṣe. Ẹni tó ń lo methyldopa, kí dókítà pààrọ̀ rẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì, nítorí ó lè mú ọkàn ìyá ìkókó rẹ̀wẹ̀sì. Nifedipine, labetalol àti enalapril kò ṣe ọmú ní nǹkan kan. Ẹ rí i pé enalapril tẹ́ ẹ sá fún nínú oyún ti padà di oògùn tó ṣeé lò. Kó tó tún lóyún, kí ẹ dá a dúró.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹ padà lọ fún BP àti ìtọ̀. Bí nọ́ńbà bá ṣì ga lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 12, ti oyún kọ́ mọ́, oògùn tí àgbàlagbà ń lò ló kàn. Nínú ìfètòsọ́mọbíbí, oògùn oníhóró alápapọ̀ tó ní estrogen kò yẹ ẹni tí BP rẹ̀ ga. Èyí tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ apá tàbí èyí tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ dára. Kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sára káàdì yín, kó má bàa sọnù kí oyún tó tẹ̀ lé e tó dé: "Ó ní preeclampsia. Aspirin láti ọ̀sẹ̀ 12."